Ọjọ́ Tí Mi Ò Wo Ìrù Rélùwéè

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń rò ó lọ́tùn-ún lósì pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ìwọ fúnra rẹ, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́, tó o fi ń kọ ìtàn iṣẹ́ ayé rẹ bí arúgbó?" Òótọ́ ni, mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, irun funfun kan kò sì sí lórí mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ti tán lọ́wọ́ mi, kò ní padà mọ́. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ti tú ló lè jókòó sọ bí ọjà ọ̀hún ṣe ná. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ibi tí mo bá kọ sódì, ẹ bá mi tún un ṣe.

Iṣẹ́ rélùwéè ni mo ṣe, fún ọdún mẹ́jọ, ní tẹ́ṣàn kékeré kan láàrin Yábà àti Musin. Mo ṣe é dáadáa. Mi ò tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo bà á jẹ́, ọjọ́ yẹn sì wà nínú ìtàn yìí, mi ò ní fò ó.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé. Àbúrò bàbá mi tó ń ránṣọ ní Yábà ló bá mi bẹ ọ̀gá tẹ́ṣàn, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo lọ, wọ́n fún mi ní ṣòkòtò kakí kan tó lè gba èèyàn méjì. Owó oṣù rẹ̀ ń bọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Bàbá Àjàgbé ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́. Ọmọ Ẹdẹ ni wọ́n, èèyàn gíga tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, wọ́n kọ́ ọ sókè lórí òpó, fèrèsé yí i ká. Sígínà là ń pè é, ibẹ̀ sì ni Bàbá ti ń darí ọkọ̀. Àwọn irin gígùn kan tò sínú rẹ̀, wọ́n ga dé àyà mi. Bí Bàbá bá fa ọ̀kan, wáyà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, á lọ fa apá pátákó kan tó wà lókèèrè lórí òpó, apá náà á wálẹ̀, dírẹ́bà á mọ̀ pé ọ̀nà là fún òun. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ lásán kan irin Bàbá. Aṣọ la fi ń dì í mú, nítorí òógùn ọwọ́ máa ń mú kí irin dípẹtà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbàgbé, tí mo fi ọwọ́ mi méjèèjì dì í, wọ́n ní kí n nu gbogbo irin ọ̀hún láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n tún un nù.

Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ gan-an rèé. Ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ wà lójú irin kan náà láàrin tẹ́ṣàn méjì. Bí ọkọ̀ bá ti Yábà bọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ wa tán pátápátá kí a tó lu aago tó ń gba orí wáyà dún ní Yábà, pé ọ̀nà ti ṣófo, kí wọ́n tú òmíràn sílẹ̀. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó kọjá tán? Ìrù rẹ̀ ni. Pátákó pupa kan ni wọ́n máa ń fi kọ́ sẹ́yìn àpótí ọkọ̀ tó kẹ́yìn pátápátá. Bó bá di alẹ́, wọ́n á fi àtùpà pupa síbẹ̀. Bó o bá rí pupa yẹn, ọkọ̀ pé. Bó ò bá rí i, á jẹ́ pé ara ọkọ̀ náà ti já sílẹ̀ níbì kan lẹ́yìn, ó wà lójú irin, ó ń dúró de ẹni tó máa wá kọlù ú.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kan kọjá, ó ń mi ilẹ̀ tìtì. Bàbá bi mí pé, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Mo rí rélùwéè, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ràkúnmí. Kí lo rí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀, sà."

"O ò tíì rí i nìyẹn."

Oṣù mẹ́ta gbáko, ìrù nìkan ni wọ́n ní kí n máa wò. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá, mi ò gbọdọ̀ jẹun, mi ò gbọdọ̀ kí èèyàn, bí eṣinṣin bà lé mi nímú, kí n fi í síbẹ̀. Bí ìrù bá kọjá, mo gbọ́dọ̀ ké sókè pé, "Ó pé!" Bí mo bá ṣàṣìṣe, tí ohùn mi wá pẹ́, Bàbá á ní kí n fẹsẹ̀ rin ojú irin lọ sí Yábà, kí n lọ fojú ara mi rí i pé nǹkan kan kò já sílẹ̀. Mo rìn ín lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀kẹrin, òjò pa mí lọ, ó pa mí bọ̀. Nígbà tí mo dé, Bàbá ti bu ẹ̀kọ gbígbóná sílẹ̀ dè mí. Mi ò rìn ín lẹ́ẹ̀karùn-ún.

Nígbà yẹn, ẹ́ńjìnnì eléèédú ṣì wà. Ọ̀kan wà tó ń ti ẹrù síwá sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ìyá Eléèéfín, bó bá kọjá, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn á di dúdú, àwọn obìnrin àdúgbò á máa ṣépè fún un bí ẹni pé èèyàn ni. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo dísù wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà yí sí apá ọ̀tún, tí àwọn dírẹ́bà ń kọlu ara wọn ní Surúlérè, Bàbá dúró lójú fèrèsé, wọ́n rẹ́rìn-ín, ohun tí wọn kì í sábà ṣe. Wọ́n ní, "Tiwa kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Ẹ máa bọ̀." Inú mi dùn pé èmi náà wà nínú "tiwa" yẹn.

Àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun yẹn ló kó bá mi. Wọ́n dára. Ara wọn ń dán, wọ́n kun nọ́mbà sí wọn níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Ràṣídì, tó ń tún mọ́tò ṣe ní Musin. Òun náà fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì bíi tèmi. A ra ìwé kékeré kọ̀ọ̀kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́mbà gbogbo èyí tí a bá rí. A ní àdéhùn: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí gbogbo wọn tán, èkejì á máa pè é ní "Ọ̀gá" fún oṣù kan gbáko, lójú gbogbo ayé. Bàbá rí ìwé náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Nọ́mbà kì í já kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ohun tó lè já ni kó o máa wò." Mo fi ìwé náà sápò. Mi ò jù ú nù.

Nǹkan kan wà tí èmi nìkan mọ̀ nípa Bàbá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́, mo rí i tí wọ́n ń rọ kẹrosíìnì sí àtùpà, kẹrosíìnì náà ń ṣàn sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà, wọn ò mọ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá ní, "Ó ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ funfun sí mi lójú. Ó ti tó oṣù mélòó kan." Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Dókítà rélùwéè máa ń na òwú pupa, òwú aláwọ̀ ewé, òwú aláwọ̀ eérú síwájú wa, ẹni tí kò bá dá a mọ̀, wọ́n á gba sígínà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló máa fi ọ̀nà lé afọ́jú lọ́wọ́?

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa wo ìrù fún yín, Bàbá. Bí mo bá ní ó pé, ó pé nìyẹn."

Wọ́n ronú títí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ ni ojú mi." Ọkùnrin tí kì í fún èèyàn ní àyè láti fọwọ́ kan irin! Mo sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Fún ọdún kan ó lé, mo ń ké pé ó pé, wọ́n ń lu aago, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, ẹnikẹ́ni ò fura.

Ọjọ́ Sátidé ló ṣẹlẹ̀, lọ́dún tí sìmẹ́ńtì kún Apápá débi pé àwọn ọkọ̀ ojú omi kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí. Ràṣídì kò lọ síbi iṣẹ́. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti gun odi tẹ́ṣàn, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó ku ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo fún èmi àti òun, ọ̀kan náà ló kù fún àwa méjèèjì, èyí tí nọ́mbà rẹ̀ parí sí méje.

Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ dé láti Agége, àwọn ọkùnrin so mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ bí àdán. Ọkọ̀ màlúù tẹ̀ lé e láti Òkè Ọya, ìwo ń yọ láàrin pákó, darandaran kan jókòó sókè ọ̀hún, ó ń mu tíì bí ẹni tó wà ní pálọ̀. Èyí tó ń lọ sí Kánò kọjá, kò tilẹ̀ wo tẹ́ṣàn wa, kọ́tìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé rẹ̀. Gbogbo wọn ni mo wò tìrù tìrù. Gbogbo wọn pé.

Ràṣídì pariwo látorí odi, "Ọmọ rélùwéè! Ìwọ tó ò ń sùn láàrin wọn, tó ò ń jẹun láàrin wọn, o ò lè bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé méje jáde?"

Mo ní, "Lọ tún mọ́tò oníbàárà rẹ ṣe, o ti tú u sílẹ̀ láti ọjọ́ Túsìdeè."

"Mọ́tò yẹn ò lọ ibì kan. Ṣebí èmi ni mo yọ táyà rẹ̀."

Nígbà tó lu aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀, Yábà lu aago. Bàbá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ẹrù ń bọ̀. Lọ wò ó." Mo lọ dúró sí ìparí pèpéle. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ni, ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ funfun báláú, eruku ti bo nọ́mbà iwájú. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi ni mo rí nọ́mbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Méje!

"Òun ni!" Ràṣídì ń ké lórí odi. "Òun ni o! Kọ ọ́! Èmi ti rí i ṣáájú!"

"Irọ́ ni! Èmi ni mo rí i ṣáájú!"

Mo yọ ìwé. Mo tẹ orí mi ba, mo ń kọ ọ́. Ẹnu pẹ́ńsùlù kán. Mo fi eyín gé igi rẹ̀, mo tún kọ ọ́ kí ó hàn, mo fa ìlà sí i nídìí, mo sì gbé e sókè kí Ràṣídì lè rí i. Ìgbà tí mo yíjú padà, ọkọ̀ ti wọ kọ́nà níbi àwọn igi máńgòrò. Mi ò rí nǹkan kan mọ́ àfi eruku.

Bàbá ní, "Ìrù ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, bí mi ò tiẹ̀ fẹ́. Mo rò pé láti ọjọ́ tí mo ti wà níbẹ̀, ìrù kan kò já rí. Mo rò pé bí mo bá ní mi ò rí i, Bàbá á ní kí n fẹsẹ̀ rìn lọ sí Yábà lójú Ràṣídì. Ìyẹn nìkan ló fà á, ojú Ràṣídì.

Mo ní, "Ó pé, Bàbá."

Mo gbọ́ tí wọ́n lu aago.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí a fi gbọ́ ọ. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n da páànù ilé sílẹ̀ látòkè, fèrè ọkọ̀ kan sì ń ké lọ láìdáwọ́ dúró. Mo sáré gun àtẹ̀gùn. Bàbá ti dìde.

Wọ́n ní, "Sọ fún mi. O rí i àbí o ò rí i?"

Mo ní, "Mi ò rí i, sà."

Wọn ò lù mí, wọn ò bú mi. Wọ́n yí padà, wọ́n da gbogbo irin padà sí "dúró" lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti aṣọ lọ́wọ́. Wọ́n lu aago ìjàǹbá sí Yábà, wọ́n lù ú sí Musin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ní, "Mú àsíá pupa. Sáré." Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé òun mọ iṣẹ́, ìṣẹ́jú yẹn ni mo máa ń rántí.

Wágọ́ọ̀nù mẹ́ta, ìyẹn àwọn àpótí onírin tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ló já sílẹ̀ láàrin Yábà àti ọ̀dọ̀ wa. Páìpù bíréèkì tí ì bá dá gbogbo ọkọ̀ dúró kò so mọ́ ti iwájú, bẹ́ẹ̀ ni iwájú ọkọ̀ ń lọ láìmọ̀. Gáàdì tó yẹ kó wà lẹ́yìn ti lọ jókòó síwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà nítorí eruku. Ọkọ̀ èrò tí Yábà tú sílẹ̀ nígbà tí a lu aago fún wọn ló wá bá wọn níbẹ̀. Dírẹ́bà rẹ̀ tẹ bíréèkì, kò tó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fimú gún wágọ́ọ̀nù, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bọ́ kúrò lójú irin, àpò sìmẹ́ńtì bẹ́. Nígbà tí mo dé, gbogbo èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n funfun láti orí dé ẹsẹ̀, o ò lè mọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí tálákà. Ìyá kan ń pariwo pé, "Ta ló bá mi rí bàtà mi kan?" Ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Ṣé ọ̀run rèé?" Èkejì rẹ̀ dáhùn pé, "Bó bá jẹ́ ọ̀run ni, ta ló gba ìwọ wọlé?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wúkọ́. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé kò sí ẹni tó kú. Mo jókòó sórí irin.

Ẹnìkan ṣoṣo ló fara pa gan-an: Sùnmọ́nù, igbákejì dírẹ́bà ọkọ̀ èrò náà. Ó bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ wọn tó kọlu wágọ́ọ̀nù, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dá sí méjì.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọsàn lọ bá a nílé ìwòsàn. Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀, ó máa ń jùwọ́ sí mi tí wọ́n bá ń kọjá. Ó ní, "Ọmọ tẹ́ṣàn, o ṣeun. Ẹni tó lu aago ọ̀nà ṣófo yẹn, Ọlọ́run á mú un."

Mo ní, "Àmín."

Mo jókòó, mo bó ọsàn fún un, mo bó mẹ́rin. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, "àmín" yẹn ló ń dùn mí jù.

Wọ́n ní ká wá sọ tẹnu wa ní ọ́fíìsì kan ní Èbúté Mẹ́ta lọ́jọ́ kẹta. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, mo bi Bàbá pé kí ni kí n sọ.

Wọ́n ní, "Ìwọ wà ní pèpéle, o ò mọ nǹkan kan. Ìka tó lu aago ló ni ẹjọ́."

"Bàbá, èmi ni mo sọ fún yín pé..."

"Bó o bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí ló dé tí èmi ò fi wò ó fúnra mi. Kí lo fẹ́ kí n wí? Kí n ní mo ti fọ́jú látèṣí, mo sì ń darí ọkọ̀ èrò?" Wọ́n dìde. "Fi ojú mi sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Ẹ ò rí i. Bí mo bá dákẹ́, èmi bọ́, wọ́n á lé Bàbá bí olè lẹ́yìn ọdún tó pọ̀ ju ọjọ́ orí mi lọ. Bí mo bá sọ ọ́, àṣírí tí wọ́n fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́ tú. Mi ò sùn.

Àwọn ọ̀gá mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì. Èyí tó wà láàrin, tó wọ dígí, ṣí ìwé ńlá wa. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ síbí pé ọkọ̀ náà pé. Ṣé ẹ rí ìrù rẹ̀?"

Bàbá ní, "Mo kọ ọ́ pé ó pé."

"Mi ò bi yín léèrè ohun tí ẹ kọ, Bàbá. Ṣé ẹ rí i?"

Bàbá dúró gbọnrangandan, fìlà wọn wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá náà fa kálàmù rẹ̀ yọ, ó ní, "Nígbà náà, àá kọ ọ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sínú ìwé ìjọba. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé ìyẹn."

Mo dìde. Mo ní, "Èmi ni mo parọ́, sà. Èmi ni mo ní ó pé. Nọ́mbà ẹ́ńjìnnì ni mò ń kọ, mi ò wo ìrù."

Bàbá ní, "Jókòó."

Mo ní, "Mi ò ní jókòó, Bàbá." Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n máa pàṣẹ tí mi ò ní ṣe é.

Ọ̀gá náà wò mí, ó wo ìwé. "Kí ló dé tó jẹ́ pé ìwọ lò ń wò ó?"

Èyí ni mi ò dáhùn. Ó tún bi mí. Mo ń wo ilẹ̀. Ó ní òun á lé àwa méjèèjì láìṣẹ́jú. Mo ṣì ń wo ilẹ̀.

Bàbá ló wá sọ̀rọ̀. Ohùn wọn dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ ọkọ̀. "Ojú mi ló ṣú. Ó ti lé lọ́dún kan. Èmi ni mo ní kó máa wò fún mi, èmi ni mo fi í pamọ́. Ó sọ òótọ́ tirẹ̀ tán, kò fẹ́ sọ tèmi. Ẹ má fi ìyẹn jẹ ẹ́ níyà."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ pé bó bá bá a tán, ara á tu èèyàn. Ara tù mí.

Wọ́n gba sígínà lọ́wọ́ Bàbá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé Bàbá fúnra wọn ló jẹ́wọ́, àwọn ọ̀gá jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn tì bí èèyàn, wọ́n sì ní kí dókítà wò wọ́n. Dókítà ní awọ funfun kan ló bo ẹyinjú wọn, pé ó ṣeé yọ, pé bí wọ́n bá ti fi í pamọ́ pẹ́ sí i, ojú ọ̀hún lè lọ pátápátá. Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti yọ ọ́. Èmi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn sígínà mọ́ láéláé. Wọ́n fi mí sídìí géètì, níbi tí títì ti dábùú ojú irin.

Mo padà lọ bá Sùnmọ́nù, mo sọ fún un pé èmi ni. Ó wò mí títí. Ó ní, "O sì ṣe àmín." Ó yíjú sí ògiri. Ó tó ọdún kan ó lé kó tó tún kí mi. Ó ń tiro títí di òní, mo máa ń rí i ní Musin, a máa ń kí ara wa. Mi ò ní sọ fún yín pé ó ti tán nínú rẹ̀, nítorí mi ò mọ̀.

Ìdí géètì yẹn ni mo ti lo ìyókù ọdún mi, ibẹ̀ sì ni mo ti di òṣìṣẹ́ gan-an. Àwọn dírẹ́bà mọ́tò á máa bú mi: "Onígéètì, ọkọ̀ ti kọjá, ṣílẹ̀kùn! Ṣé ilé bàbá rẹ lò ń ṣọ́ ni?" Màá dá wọn lóhùn pé, "Ilé bàbá tìrẹ ni. Ó fẹ́ kó o délé." Mi ò ṣí i títí pupa yẹn á fi kọjá, tí màá sì ké pé ó pé, bí kò tiẹ̀ sí ẹni tí mò ń ké e sí. Wọ́n fi aago oníná sí i, wọ́n fi iná mànàmáná rọ́pò àtùpà kẹrosíìnì, mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, rélùwéè kò pa adìyẹ kan ní géètì mi. Mo lè fi ìyẹn yangàn níwájú ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ afárá gba orí irin kọjá. Mọ́tò ń gba òkè, ọkọ̀ ojú irin ń gba ìsàlẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi onígéètì ṣe? Wọ́n wú géètì mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó máa di ọ̀sán, o ò lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ń wá ẹni tó máa tọ́jú ilé ẹrù wọn. Wọ́n ní kí n mú lẹ́tà wá látọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá wo ni mo ní yàtọ̀ sí ẹni tí mo parọ́ fún? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tì í síwá tì í sẹ́yìn kí n tó wọ rélùwéè lọ sí Ẹdẹ.

Mo bá Bàbá lẹ́yìnkùlé, dígí tó nípọn bí ìdí ìgò wà lójú wọn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o dá irùngbọ̀n sí? Ó dà bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú mi. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n ní kí n gbé tábìlì wá, wọ́n mú kálàmù, wọ́n ń kọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n sì ń kà á jáde bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: pé mo bá wọn ṣiṣẹ́, pé mo parọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, pé ẹsẹ̀ èèyàn kan dá nítorí rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Wọn ò ní gbà mí."

"Mo ti kọ irọ́ sínú ìwé rí. Mi ò kọ òmíràn mọ́." Wọ́n ń kọ ọ́ lọ. "Lẹ́yìn náà, ó dìde níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bi í, ó sọ òtítọ́ nígbà tí òtítọ́ lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Èmi Àjàgbé, bí mo bá tún ní iṣẹ́ tí ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni màá gbé e fún." Wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n fẹ́ ẹ kó gbẹ, wọ́n nà án sí mi.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ní Ìlúpéjú jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí?"

"Ìṣojú mi ni wọ́n ti kọ ọ́, sà."

"O sì mú un wá?"

"Lẹ́tà tí wọ́n fún mi nìyẹn, sà."

Ó gbé ìdìpọ̀ lẹ́tà kan tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó fi hàn mí. Ó ní gbogbo àwọn wọ̀nyẹn ni kò ṣẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti bí wọn. Ó jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká tèmi pọ̀, ó fi sápò àyà rẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé," ó ní, "aago méje."

Mo débẹ̀ láago mẹ́fà.